Olúgbódi Oníka Mọ́kànlá àti Kaméra Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Ọmọ tí ó bá ti ọ̀run mú ìka kan lé tirẹ̀ wá, Olúgbódi ni à ń pè é. A kì í bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ fi ìka náà ṣe. Nígbà tí wọ́n bí Philippe ní Atakpamé, agbẹ̀bí fẹ́ fi òwú so ìka kẹfà tí ó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, kí ó lè gbẹ já. Ìyá ọmọ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní Ọlọ́run kì í fún ènìyàn ní èènì lásán, pé iṣẹ́ kan ń bọ̀ tí ìka mẹ́wàá kò ní í tó ṣe. Ìyá náà kò purọ́. Iṣẹ́ náà kàn pẹ́ kí ó tó dé ni. Kí ó tó dé, Philippe Olúgbódi jókòó ti ìka mọ́kànlá, ó ń pe ara rẹ̀ ní sinéásìtì.

Sinéásìtì ni àwọn Faransé ń pe ẹni tí ń ṣe fíìmù. Àwọn àgbà ilé rẹ̀ gbọ́ ọ, wọ́n rò pé àìsàn ni, wọ́n ní kí Ọlọ́run wò ó sàn. Kò sí ohun tí ó burú nínú àdúrà náà. Ní ti iṣẹ́ tí ń fún un ní oúnjẹ, akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba kan láàárín ìlú. Òǹtẹ̀ ni ó ń lù mọ́ ìwé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ó bá lu ọ̀kan tán, a di ojú kan, a fà sẹ́yìn, a wo ìwé náà láti òkèèrè, bí ẹni pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé náà yóò rìn.

Kamina, lẹ́bàá Atakpamé, ni ó ti kó àìsàn ọ̀hún. Ní ọdún 1974, àwọn òyìnbó kan wá ya àwòrán àwókù ilé wáyálẹ́ẹ̀sì tí àwọn Jámánì fọwọ́ ara wọn wó kí wọ́n tó túúbá ní 1914. Wọ́n ń wá alágbàrù. Philippe ní ìyá àgbà òun kú, ó gba àyè lọ́fíìsì. Lákòókò yẹn gan-an, ìyá àgbà wà lóko, ó ń bú àwọn ọ̀bọ tí ń jẹ àgbàdo rẹ̀. Àwọn òyìnbó kò jẹ́ kí Philippe fọwọ́ kan kaméra. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kaméra ń dúró lé ni wọ́n gbé rù ú. Títí oòrùn fi rọ̀, ó ń gbé e láti ìdí òpó kan tó wó dé ìdí òmíràn. Ọ̀gá wọn a di ojú kan, a fa sìgá, a mi orí, wọn a tún kó ẹrù. Philippe rí ohun gbogbo lọ́jọ́ náà àyàfi àwòrán. Nígbà tí ó fi máa padà sílé, ó ti yé e yékéyéké: fíìmù jẹ́ nǹkan tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ohunkóhun tí wọ́n bá gbé ka orí rẹ̀, àfikún ni.

Ìdí nìyẹn tí ó fi ní ẹsẹ̀ kaméra kí ó tó ní kaméra. Ó rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tí ń kó ẹrù padà sílùú wọn, ó sì gbé e lọ sí Datcha, ó ní òun fẹ́ wo bí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ àwọn tí ń wọn ilẹ̀ ni òyìnbó náà tà fún un. Àwọn àgbẹ̀ Datcha mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí wọ́n rí irú rẹ̀ kẹ́yìn, títì ló gba àárín oko ẹ̀gẹ́ wọn kọjá. Wọ́n rí ọkùnrin kan tó dé fìlà, tó dúró sẹ́yìn ẹsẹ̀ mẹ́ta létí àgbàdo, tó di ojú kan. Wọ́n gbé adìyẹ wá. Wọ́n gbé iṣu wá.

"Ọ̀gá," ni àgbà wọn wí, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kọ ojú nǹkan yìí sọ́dọ̀ àwọn ará òdìkejì odò. Ilẹ̀ tiwọn ló dára jù."

Philippe kọ ojú rẹ̀ sí òdìkejì odò, ó gba adìyẹ, ó gba iṣu. Nígbà tí ó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé àwọn ará oko mọ iyì iṣẹ́ ọnà ju àwọn ará ìlú lọ.

Honorine ni orúkọ ìyàwó yìí, aránṣọ, ọmọ ìjọ Kátólíìkì bíi tirẹ̀. Honorine se adìyẹ náà. Obìnrin tí ó ní sùúrù ni, ẹnu ọ̀nà sùúrù rẹ̀ ni àwọn ẹrù tó kù sì gbà wọlé. Máíkì kan dé, tí wọ́n fi irun bò bí ológbò tí òjò pa. Iná kan dé. Bí wọ́n bá tàn án, ilé àwọn aládùúgbò a ṣókùnkùn. Agbòòrùn fàdákà kan dé, èyí tí ènìyàn kò gbọdọ̀ gbé jáde bí òjò bá ń rọ̀. Yvette ọmọ wọn ń dàgbà, ó ń sùn láàárín àwọn àpótí irin bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ẹnikẹ́ni tó bá sì béèrè pé fíìmù dà, èsì kan náà ni: "Ó ku ẹyọ kan."

Ní ọdún 1982, ẹyọ kan náà dé láti Lomé: kaméra fídíò gidi, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń lò. Kaméra wà lọ́tọ̀, ẹ̀rọ tí ń gba kásẹ́ẹ̀tì wà lọ́tọ̀ nínú àpò, wáyà kan so wọ́n pọ̀ bí ìwọ́ ọmọ tuntun, bátìrì rẹ̀ sì wúwo bí búlọ́ọ̀kù. Àwọn tó ṣe é gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní kòtò díẹ̀, kí ó lè jókòó dáadáa lé èjìká ènìyàn. Philippe fọwọ́ pa kòtò náà, ó mi orí, ó ní àṣìṣe àwọn tó rọ ọ́ ni.

"Kaméra porofẹsiọnẹ́ẹ̀lì kì í gun ènìyàn," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gùn. Ọwọ́ ènìyàn a máa gbọ̀n."

Ó sì ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tuntun fún un, kí ojú má bàa ti kaméra. Lẹ́yìn náà, ó tún ku ẹyọ kan.

Nínú gbogbo ẹrù yìí, ohun kan ṣoṣo ni Honorine ń fẹ́, kò sì sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀, Fáwùmí, àgbẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Kamina, ni olórí àwọn tí ń jó àgéré, ijó orí igi gígùn tí wọ́n ń pè ní Tchébé níbẹ̀. Wọn a so igi méjì mọ́ ẹsẹ̀, igi tó ga ju òrùlé lọ, wọn a sì máa jó lókè bí ẹni tó wà nílẹ̀. Fáwùmí nìkan ni ó lè gbé igi kan sókè, kí ó fi èkejì yí po, kí ó sì máa bú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ojú sánmà. Ní ọdún 1984, ó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ pé orúnkún òun ti ń sọ̀rọ̀. Òun yóò gun igi nígbà iṣu tuntun ọdún náà, ó parí.

"Bàbá Yvette," ni Honorine wí, "n kò bẹ̀ yín ní nǹkan rí lórí ẹrù yìí. Ẹ bá mi mú bàbá mi sínú kásẹ́ẹ̀tì. Yvette ti rí i lórí igi. Àwọn ọmọ tí Yvette máa bí ńkọ́? Mo fẹ́ kí wọ́n rí i."

"Honorine, ó ku ẹyọ kan tí..."

"Bàbá Yvette."

Philippe wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kò sí àyè fún ẹyọ kan níbẹ̀. Ó gbà.

Lọ́jọ́ iṣu tuntun, ọkọ̀ akẹ́rù ni ó kó ẹrù Philippe dé abúlé. Wọ́n sọ àpótí kalẹ̀ títí àwọn ará ibẹ̀ fi ń bi ara wọn bóyá ó ń kó wá bá wọn gbé ni. Ó gbé kaméra ka ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó tẹ bọ́tìnnì, kí wọ́n lè rí iná pupa tí ń tàn níwájú rẹ̀, wọ́n ní "Háà!", inú rẹ̀ dùn, ó sì gbàgbé láti pa á. Kò tíì dì í pinpin, nítorí náà kaméra doríkodò, ó ń wo ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe gbé gbogbo rẹ̀, tí ó forí lé àárín agbo.

Ọ̀pá kan dábùú níwájú rẹ̀. Kòkúmọ́ ló mú un, ọ̀rẹ́ Fáwùmí láti kékeré, ẹni tí ń ṣọ́ agbo.

"Ọkọ ọmọ wa, o kú iṣẹ́. Níbo lò ń gbé èyí lọ?"

"Àárín agbo, Bàbá. Ibẹ̀ ni àwòrán wà."

"Ẹsẹ̀ gígùn tí kò sí ènìyàn lórí rẹ̀ kì í wọ agbo yìí, àfi ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá kú. Ṣé ẹnì kan kú ni?"

"Bàbá, èyí kì í ṣe igi àgéré. Irin ni."

"Ṣé ènìyàn wà lórí rẹ̀?"

"Kaméra ló wà lórí rẹ̀."

"Mo ní, ṣé ènìyàn wà lórí rẹ̀?"

Philippe wo kaméra, ó wo ọ̀pá.

"Ó dára," ni Kòkúmọ́ wí. "Yọ ọ́ kúrò lórí ẹsẹ̀ yẹn, gbé e lé èjìká, kí o wọlé. Àyè wà. A ó tilẹ̀ wá àpótí fún ọ kí o jókòó."

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Kaméra porofẹsiọnẹ́ẹ̀lì ni. Wọn kì í fi ọwọ́ mú un. Ọwọ́ a máa gbọ̀n."

"Ọwọ́ ta ni? Ọwọ́ Olúgbódi?" Kòkúmọ́ yíjú sí àwọn ènìyàn. "Ẹ bá mi wò ó. Àwa tí a ní mẹ́wàá, a fi ń di ọkọ́ mú. Ẹni tí Ọlọ́run fún ní mọ́kànlá ní òun kò rí èyí tí òun máa fi di nǹkan mú."

Agbo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó dúró lórí igi mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó dúró lórí ìgbéraga, àgéré tirẹ̀ ga ju ti Fáwùmí lọ. Philippe sọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ létí agbo níbi tó dé, ó fa ìwé tí wọ́n fi ń tọ́ni sọ́nà nípa kaméra jáde, èyí tí wọ́n kọ ní Faransé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún Kòkúmọ́ tí kò gbọ́ Faransé. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Agbo kò dúró dè é. Ìlù sọ. Fáwùmí gun igi rẹ̀. Ohun tó ṣe lókè lọ́jọ́ náà, àwọn tó rí i ṣì ń fi ọwọ́ júwe rẹ̀, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà fi í han ẹni tí kò sí níbẹ̀. Philippe kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ti dé ibi tí ìwé náà ti ń kìlọ̀ nípa òjò àti ìrì. Honorine fà á láṣọ.

"Bàbá Yvette, ó ti gùn ún o! Ẹ yíjú!"

"Jẹ́ kí n bá bàbá yìí parí ọ̀rọ̀."

Fáwùmí fúnra rẹ̀ rìn wá sétí agbo, ó tẹ ara wálẹ̀ láti òkè. "Ọkọ Honorine! Mo dé o. Ṣé ò ń rí mi?"

Philippe kò gbé orí kúrò nínú ìwé. "Ẹ ní sùúrù díẹ̀, Bàbá. Ẹ̀rọ kò tíì ṣe tán."

Fáwùmí ní sùúrù. Ó tún yí po níbẹ̀, lórí ẹsẹ̀ kan, nítorí ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà orúnkún rẹ̀ sọ èyí tó kù láti sọ, wọ́n sì gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà náà ni Philippe tó bojú wo kaméra, tó rí i pé iná pupa ti kú. Bátìrì ti tán.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Fáwùmí wá sí ìlú láti wá wo ara rẹ̀, Kòkúmọ́ sì tẹ̀ lé e. Philippe ní kí wọ́n má wulẹ̀ ṣe wàhálà, òfo ni kásẹ́ẹ̀tì náà. Honorine ní kí ó fi sínú ẹ̀rọ, kí àwọn fojú ara àwọn rí òfo.

Ilẹ̀ ni wọ́n rí. Ilẹ̀ pupa, bàtà Philippe méjèèjì tí ń dán, èèrà kan tó ń gbé nǹkan lọ. Ohùn Philippe ń ka Faransé, ohùn Kòkúmọ́ ń dá a lóhùn ní Ifẹ̀, èdè abúlé wọn. Ìlù ń dún lẹ́yìn wọn, àwọn ènìyàn ń hó, èèrà ń gbé nǹkan lọ.

"Èèrà yìí ṣe dáadáa," ni Kòkúmọ́ wí. "Òun nìkan ló mọ ohun tó wá ṣe."

Àfi bí òjìji kan ṣe wọlé. Oòrùn ti rọ̀ lọ́jọ́ náà, òjìji sì gùn: ẹsẹ̀ gígùn méjì kọjá lórí bàtà Philippe, ara kékeré kan wà lókè wọn, ìyẹ́ orí fìlà rẹ̀ ń mì. Ohùn Fáwùmí ní, "Mo dé o. Ṣé ò ń rí mi?" Ohùn Philippe ní ẹ̀rọ kò tíì ṣe tán. Òjìji náà gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó fi èkejì yí po lórí ilẹ̀ pupa, jẹ́jẹ́, bí àṣá tí kò kánjú.

Fáwùmí na ọwọ́, ó fi ìka kan gíláàsì tẹlifíṣọ̀n.

"Èmi nìyí," ni ó wí. "Ẹ wò mí. N kò tilẹ̀ darúgbó."

Honorine ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá Yvette, ẹ má fọwọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì yìí mọ́. Bó ṣe wà yìí, ó tó mi."

Ó tó Honorine. Kò tó Philippe. Ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀, bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ porofẹsiọnẹ́ẹ̀lì. Láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí Honorine lọ kó aṣọ fún àwọn oníbàárà ní Notsé, ó gbé kaméra ka ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, ó dì í pinpin, ó tan iná, ó na agbòòrùn fàdákà, ó gbé máíkì onírun sí àyè rẹ̀, ó sì kọ ojú gbogbo rẹ̀ sí dígí ńlá ara kọ́bọ́ọ̀dù. Kásẹ́ẹ̀tì tuntun wà nílé o. Ó ń tọ́jú wọn fún fíìmù gidi. Èyí tí òjìji wà nínú rẹ̀ ni ó fi sínú ẹ̀rọ. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì yẹra sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ara rẹ̀ má bàa ba àwòrán jẹ́. Fíìmù kan ṣoṣo tí Philippe Olúgbódi parí láyé rẹ̀ nìyẹn: kaméra kan tí ń wo ara rẹ̀ títí bátìrì fi tán. Kò mì rárá.

Nígbà tí Honorine wá fẹ́ fi bàbá rẹ̀ han Justine aládùúgbò rẹ̀, kaméra ló yọ sí wọn.

"Ẹ̀rọ yìí dára o," ni Justine wí. "Bàbá rẹ ńkọ́?"

Honorine kò pariwo. Ó dúró dè é títí dé ìparí, ó wò ó bóyá òjìji kékeré kan ṣẹ́kù lẹ́yìn, lẹ́yìn náà ó pa tẹlifíṣọ̀n. Láti ọjọ́ yẹn kò pe ọkọ rẹ̀ ní Bàbá Yvette mọ́. "Mèsíyé", ìyẹn ọ̀gbẹ́ni lédè Faransé, ni ó ń pè é, bí ẹni tó kàn wá wọn ṣòkòtò.

Fáwùmí kú nígbà ọyẹ́ ọdún 1986. Philippe kó gbogbo àpótí rẹ̀ lọ sí ìsìnkú, ó ní lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀rọ ti ṣe tán. Ẹni tí ó ní kó ní sùúrù kò sí níbẹ̀ mọ́ láti gbọ́ ọ.

Kòkúmọ́ wà létí agbo pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. "Ọkọ ọmọ wa, òní ni ẹsẹ̀ gígùn lè wọ agbo láìsí ènìyàn lórí rẹ̀."

Philippe rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó gbé kaméra kà á lórí.

"Kì í ṣe ìyẹn. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì." Wọ́n gbé igi Fáwùmí méjèèjì wá. "Ọkọ ọmọ olóògbé ni í dì wọ́n mú ní ìnàró láàárín agbo, títí ijó ìkẹyìn yóò fi parí. Wọn kò gbọdọ̀ ṣubú, wọn kò sì gbọdọ̀ mì. Ìwọ nìkan ni ọkọ ọmọ tó ní."

"Bàbá, ta ni yóò wá ya àwòrán?"

"N kò mọ̀. Ìwé rẹ kò sọ ọ́?"

Ẹni tó bá kọ igi àna rẹ̀ lójú agbo, kó kúkú gba ibẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀. Philippe di igi mú. Wọ́n ga, wọ́n wúwo lókè, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ń tì wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó fi ìka mọ́kànlá há wọn mọ́ àyà.

Ìgbà náà ni Honorine, nínú aṣọ ọ̀fọ̀, rìn lọ sídìí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó yọ kaméra kúrò lórí rẹ̀ bí ẹni ń sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn aláìsàn. Ó ti pẹ́ tó ti ń rí i tí wọ́n ń fi bọ́tìnnì rẹ̀ han àlejò. Ó fi àpò kọ́ apá, ó gbé kaméra lé èjìká. Kòtò ìsàlẹ̀ rẹ̀ jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé ara rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n ọ́n sí.

"Honorine!" Philippe ń ké láti àárín agbo. "Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta! Lo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta! Ọwọ́ rẹ á gbọ̀n!"

"Mèsíyé," ni Honorine dá a lóhùn, "jẹ́ kó gbọ̀n. Bàbá mi ló kú."

Ó gbọ̀n. Nígbà tó sáré tẹ̀ lé àwọn oníjó, sánmà àti ìyẹ́ àti ojú ènìyàn dà pọ̀. Nígbà tí ẹkún gbé e, gbogbo abúlé mì. Àwọn ọ̀dọ́ gun igi, wọ́n wá ń kí igi olóògbé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè níwájú rẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ti kọ́ wọn. Nígbà tí oòrùn rọ̀, òjìji igi méjì nà gbalaja lórí ilẹ̀ pupa. Honorine dojú kaméra kọ ọ́, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ títí òjìji fi dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Òjìji Philippe wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó kúrú.

Kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ọwọ́ Honorine ni kọ́kọ́rọ́ ibi tó wà. Lọ́dọọdún nígbà iṣu tuntun, wọ́n ń gbé tẹlifíṣọ̀n lọ sí abúlé láti wò ó. Ó ní ibì kan tí àwọn ènìyàn máa ń dúró dè: Philippe láàárín agbo, òógùn ń ṣàn, eṣinṣin bà lé e nímú, ẹnu rẹ̀ ń pàṣẹ fún kaméra tí kò dá a lóhùn. Òun náà máa ń jókòó níwájú. Bí àlejò bá bi í bóyá òun sinéásìtì ló ṣe iṣẹ́ yìí, a di ojú kan, a mí kanlẹ̀, a ní àwòrán náà ń gbọ̀n jù, pé ọwọ́ lásán ni wọ́n fi mú un.

"Ṣùgbọ́n ẹ wò mí níbẹ̀ yẹn," ni ó máa ń fi kún un, a sì na ìka kẹfà sí gíláàsì. "Nínú gbogbo rẹ̀, èmi nìkan ni n kò mì."

Òótọ́ ni ó sọ. Ìka mẹ́wàá kì bá tó ṣe é.